Àbọ̀ Ọ̀rọ̀ Kì í Di Odidi ní Nọ́wè

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ̀yin tí ẹ sìn mí dé ẹnu géètì kílóòsì wa ní Festac lọ́jọ́ tí mò ń lọ, mo ti dé o. Mo dé láàyè, mo dé pẹ̀lú ìka ẹsẹ̀ mi mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òtútù bá méjì nínú wọn ṣe eré tó fẹ́ di ìjà. Gbogbo yín lẹ ti ń bi mí pé báwo ni ọ̀hún ṣe rí, èmi náà sì ti ń já a fún yín díẹ̀díẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ jẹ́ kí n jókòó, kí n sọ ọ́ tán lẹ́ẹ̀kan.

Ẹ kọ́kọ́ rántí bí ẹ ṣe fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Láti kékeré lẹ ti ń pè mí ní Rédíò, nítorí ẹnu mi kì í sinmi. Nígbà tí ilé iṣẹ́ wa wá ní kí n lọ sí Nọ́wè fún oṣù mẹ́rin, kí n lọ kọ́ bí máńijà iṣẹ́ ìkọ́lé ṣe ń sọ̀rọ̀, Bọ̀dá Wálé tí ilé wọn kángun sí tiwa rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. "Wọ́n fẹ́ lọ kọ́ ẹja ní odò wíwẹ̀!" Èmi náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ kò dé ikùn.

Ohun tó wà nílẹ̀ nìyí. Ẹja yìnyín ni ilé iṣẹ́ wa ń tà, wọ́n sì fẹ́ kọ́ ilé ìtọ́jú ẹja ńlá kan sí Amúwo-Ọ̀dọ̀fin. Ọdún méje ni mo ti fi ń ṣe igbá-kejì fún máńijà kan lẹ́yìn òmíràn, tí mo ń gbé fáìlì tẹ̀ lé wọn. Wọ́n ní kí n lọ bá àwọn ará Nọ́wè tí a jọ ń ṣòwò, wọ́n ń kọ́ irú ilé yẹn lọ́wọ́ níbẹ̀, kí n máa darí iṣẹ́ náà lábẹ́ ọ̀gá wọn. Tí ọ̀gá yẹn bá kọ̀wé tó dáa nípa mi, Amúwo di tèmi. Tí kò bá kọ ọ́, ẹlòmíì ti wà nílẹ̀ tó ń dúró. Dádì mi, tó fi ọdún márùndínlógójì sin ìjọba àpapọ̀ kó tó fẹ̀yìn tì, ti sọ fún gbogbo ìjọ pé ọmọ òun ti di máńijà. Pásítọ̀ ti gbàdúrà sí i. Tí mo bá pòfo, ojú wo ni mo fẹ́ fi wọ kílóòsì yìí?

Lọ́jọ́ tí mò ń lọ, mo kúnlẹ̀, Dádì gbé ọwọ́ lé mi lórí. "Títílayọ̀, bí wọ́n bá rán ọ níṣẹ́ ẹrú, fi tọmọ jẹ́ ẹ."

"Ẹ ṣé, sà," mo ní. Mi ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ló máa fẹ́ gbé mi ṣubú.

Ìlú pánlá

Ibi tí wọ́n gbé mi lọ jìnnà sí olú-ìlú wọn. Ìlú kékeré létí òkun ni, òkè gíga lẹ́yìn rẹ̀, omi dúdú níwájú, gbogbo ilé jẹ́ onípákó, wọ́n kùn wọ́n ní pupa àti búlúù. Bí mo ṣe sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀, òórùn kan gbá mi nímú, mo dúró gbagidi. Mo mọ òórùn yẹn! Òórùn sọ́ọ̀bù tí Mọ́mì mi ti ń ra pánlá ní Alákijà ni. Mo pariwo, "Alákijà!" Ọkùnrin tó wá gbé mi rò pé orúkọ ẹnì kan tí mo gbàgbé sọ́nà ni, ló bá ń wẹ̀yìn.

Àbí ẹ ò rí nǹkan! Gbogbo ayé mi ni mo ti ń jẹ pánlá, mi ò mọ̀ pé ó ní ìlú. Wọ́n ṣí ilé ìkẹ́rù kan hàn mí, pánlá kún un dé àjà, gbogbo rẹ̀ le koránkorán. Mo bi wọ́n bóyá wọ́n ń jẹ orí rẹ̀. Wọ́n ní rárá, ọ̀dọ̀ yín là ń kó gbogbo orí lọ. Mo dúpẹ́ lọ́kàn mi. Ẹni tí kò mọ iyì orí, ẹ jẹ́ kó máa jẹ ìrù.

Oúnjẹ wọn ńkọ́? Ẹja bíbọ̀, ànàmọ́ funfun bíbọ̀, iyọ̀ díẹ̀, bọ́tà. Ó tán. Lọ́sàn-án, wọ́n á yọ búrẹ́dì láti inú ike, wọ́n á gé wàràkàṣì kan lé e tó ní àwọ̀ igi, tó sì dùn bíi tọ́fì. Mo jẹ ẹ́ ní ọjọ́ kìíní pẹ̀lú ìgboyà. Lọ́jọ́ kejì mo wá ìgò ata gígún tí Mọ́mì dì sínú àpótí mi, mo gbá a mọ́ àyà.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe oúnjẹ ló jẹ́ kí n mọ̀ pé àlejò ni mí. Ìkíni ni. Mo wọ ṣọ́ọ̀bù kan láàárọ̀, mo kí gbogbo ilé, gbogbo ilé yí orí padà bíi pé mo kígbe olè. Ní ọ́fíìsì, wọ́n fi mí jókòó ti obìnrin kan tí ọjọ́ orí wa jọ súnmọ́ra, Íńgà lorúkọ rẹ̀, òun ló ń ṣètò ìpàdé. Mo kí i bí wọ́n ṣe kọ́ mi nílé. Ṣé o jí dáadáa? Àwọn ọmọ ńkọ́? Bàbá wọn ńkọ́?

Íńgà fi bírò rẹ̀ sílẹ̀, ó ro ìbéèrè náà dáadáa. "Mi ò sùn dáadáa," ó ní. "Ọmọ kan ni mo bí. Èmi àti bàbá rẹ̀ sì ti pínyà láti ọdún méjì."

Ha! Ilẹ̀ ò lanu. Mo ní kó má bínú. Ó ní kí ló fẹ́ mú òun bínú, ṣebí mo bi òun ni?

Ọ̀gá wọn ń jẹ́ Ólàfù. Ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, irùngbọ̀n rẹ̀ funfun báláú, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ní kí n máa pe òun ní Ólàfù lásán. Ẹ gbà mí! Ẹni tó ju Dádì mi lọ níwọ̀n irùngbọ̀n? Mo gbìyànjú rẹ̀ nínú yàrá mi, ẹnu mi kọ̀ ọ́. Mo wá ń pè wọ́n ní "Sà Ólàfù", gbogbo ọ́fíìsì sì ń rẹ́rìn-ín sábẹ́ imú.

Kéèkì

Ọjọ́ Ọjọ́rú ni ìpàdé iṣẹ́. A óò jókòó yí tábìlì ká, Sà Ólàfù á bi oníkálukú pé ibo la dé, oníkálukú á dáhùn, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀. Kì í gba ogún ìṣẹ́jú.

Ní oṣù kejì mi níbẹ̀, lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ tí yóò máa mú ilé náà tutù pè mí lórí fóònù láti ìlú mìíràn. Wọ́n ní ẹ̀rọ náà yóò fi oṣù méjì pẹ́. Lẹ́yìn ọdún tuntun ni àwọn ọkọ̀ apẹja ń jáde sí òkun, ilé náà sì gbọ́dọ̀ ti ṣe tán kí ẹja tó dé. Mo ní màá sọ ọ́ níbi ìpàdé lọ́la.

Nígbà tó di ọ̀la, mo wọlé, mo bá kéèkì lórí tábìlì. Ọjọ́ ìbí Sà Ólàfù ni! Wọ́n gbé adé bébà lé wọn lórí, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí mi ò rí lójú wọn rí. Gbogbo ọmọ iṣẹ́ wọn ló wà níbẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ sọ ọ́: ta ló bí mi tí màá dìde lójú gbogbo ayé, níwájú kéèkì, kí n sọ fún àgbàlagbà tó dé adé pé iṣẹ́ ti bàjẹ́?

Sà Ólàfù bi mí: "Títí, ẹ̀rọ yẹn ńkọ́?"

Mo ní, "Ó ń bọ̀ lọ́nà, sà. Kò séwu rárá."

Mi ò parọ́. Ó ń bọ̀ lọ́nà lóòótọ́. Ẹnikẹ́ni láti Festac tó bá gbọ́ bí mo ṣe fa ohùn, tó rí bí mo ṣe wo ilẹ̀, á ti mọ̀ pé nǹkan ti ṣe. Á dákẹ́, á pè mí sí kọ̀rọ̀ lẹ́yìn ìpàdé, á ní, "Kí ló dé?" Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dé inú rẹ̀, á di odidi. Mo sọ àbọ̀ ọ̀rọ̀. Mo wá ń dúró kí ó di odidi nínú wọn. Íńgà kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ̀rọ ń bọ̀, kò séwu. Wọ́n gé kéèkì, wọ́n fún mi ní tèmi.

Mo dúró di ọjọ́ Àbámẹ́ta. Mo ra bisikíìtì, mo lọ sílé Sà Ólàfù. Mo kí wọn kú ọjọ́ ìbí, mo kí ìyàwó wọn kú ilé, mo kí ajá. Mo yin ilé. Mo bi wọ́n léèrè nípa àwọn ọmọ tó wà lójú ògiri nínú fọ́tò. Ó tó wákàtí kan kí n tó sún mọ́ ọ̀rọ̀, ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ ni mo sì gbà wọ̀ ọ́. Bí ó ṣe yé wọn, wọ́n gbé ife tíì wọn kalẹ̀.

"Ìgbà wo lo mọ̀?"

"Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, sà."

"Ọjọ́ mẹ́rin," wọ́n ní. Wọn ò pariwo. Ó sàn kí wọ́n pariwo. "Ẹ̀rọ irú rẹ̀ kan wà ní ìlú kejì sí wa títí di Ọjọ́bọ̀. Mo mọ ẹni tó ni ín. Ọjọ́bọ̀ ni ẹlòmíì gbé e lọ. Tí o bá sọ ọ́ lọ́jọ́ Ọjọ́rú, màá ti fi kéèkì yẹn sílẹ̀, màá ti gbé e."

Mo ní ọjọ́ ìbí wọn ni mi ò fẹ́ bà jẹ́.

"Ọjọ́ ìbí mi á tún dé lọ́dún tó ń bọ̀. Mo fẹ́ràn rẹ, Títí, ṣùgbọ́n irú èyí kò gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀ mọ́. Tó bá tún ṣẹlẹ̀, ohun tí mo rí ni màá kọ sí Èkó."

Ẹ̀rọ kan ṣoṣo tó kù tí a lè rí lásìkò tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ, ó sì wúwo. A ní láti fọ́ ilẹ̀ ilé náà, ká tún sìmẹ́ńtì rẹ̀ dà kó nípọn, nínú òtútù. Nítorí ẹnu mi, ẹnu Rédíò. Lójoojúmọ́ tí mo bá gbọ́ tí wọ́n ń fọ́ ilẹ̀ yẹn, ojú máa ń tì mí débi pé mi ò lè jẹun.

Ṣíbí igi Íńgà

Íńgà ló yọ mí. Ó pè mí wá jẹun nílé rẹ̀, ó ní òun fẹ́ mọ ohun tó mú kí n pa ọ̀rọ̀ mọ́, torí òun mọ̀ pé òpùrọ́ kọ́ ni mí. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe là á mọ́ mi lójú. Ẹja bíbọ̀ náà ló tún sè. Mo yọ ìgò ata mi. Ó tọ́ ọ wò, ojú rẹ̀ pọ́n, ó sáré mu omi, ó tún na ọwọ́ sí ìgò náà. Mo ní ìwọ lèèyàn mi.

Mo wá sọ ọ̀rọ̀ Màmá Àgbà fún un. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí, mò ń ṣe ìdánwò àṣejáde, nígbà tí Màmá Àgbà kú ní Ìjẹ̀bú. Gbogbo ilé mọ̀. Lójoojúmọ́ ni mò ń béèrè wọn, Dádì á ní, "Wọ́n ń sinmi." Ọjọ́ tí mo fi bírò sílẹ̀ ni wọ́n tó mú mi jókòó. Mo ṣàlàyé fún Íńgà pé ìfẹ́ ni. A kì í sáré gbé ẹrù tó wúwo lé ènìyàn lórí, a máa ń kọ́kọ́ wá òṣùká.

Íńgà rò ó títí. Ó bi mí: "Nígbà tí o wá sunkún, ta ló bá ọ sunkún?"

Lóòótọ́, gbogbo wọn ti sunkún tiwọn tán. Èmi nìkan ni mo sun tèmi, nínú yàrá, wọ́n sì ń sọ fún mi pé ó tó. Ó dùn mí lórí tábìlì yẹn bíi pé àná ló ṣẹlẹ̀, mo sì sunkún díẹ̀ sí i. Íńgà kò ní kí n dákẹ́.

Lẹ́yìn náà ló mú ṣíbí igi. Ó ní bí èmi bá ń sọ ìròyìn níbi iṣẹ́, gbólóhùn mẹ́ta ló ní. Kí ló ṣẹlẹ̀? Kí ni yóò bàjẹ́? Kí lo fẹ́ ká ṣe? Ìkíni lè wá lẹ́yìn, àlàyé lè wá lẹ́yìn. "Jẹ́ ká sọ pé o fọ́ àwo mi. Sọ fún mi."

Mo ní, "Íńgà, o ṣeun fún oúnjẹ o, o mọ bí o ṣe máa ń ṣe dáadáa sí mi..."

Ó fi ṣíbí lu tábìlì, gbàà!

"Íńgà, nǹkan kékeré kan ló fẹ́ ṣẹlẹ̀..."

Gbàà!

"Ta ló tiẹ̀ gbé àwo síbẹ̀?"

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. Ó pẹ́ kí n tó lè sọ ọ́: "Mo ti fọ́ àwo rẹ." Báyẹn lásán, láìsí òṣùká. Ó dà bíi pé mo jáde síta láìwọ bùbá. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́ Ajé la fi ń ṣe é. Nínú yàrá mi, mo ń sọ ọ́ fún dígí. Mo sọ fún dígí pé iná ti lọ, pé òjò ti wọlé, pé mo ti jẹ ẹran tó wà nínú ìkòkò.

Orúnkún ìyàwó Pẹ̀ẹ́rì

Ẹ má rò pé mo fi ìkíni sílẹ̀ o. Èmi kọ́! Ọkùnrin kan wà níbẹ̀, Pẹ̀ẹ́rì, òun ló da sìmẹ́ńtì ilẹ̀ náà. Àgbàlagbà ni, ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀ díẹ̀, tó bá wá sí ìpàdé, yóò wo ọwọ́ rẹ̀ títí a ó fi parí. Mi ò gbọ́ ohùn rẹ̀ níbẹ̀ rí. Láàárọ̀, kí n tó wọ ọ́fíìsì, mo máa ń kọ́kọ́ yà lọ́dọ̀ rẹ̀, mo kọ́ èdè wọn díẹ̀ láti fi kí i. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ó wò mí bíi pé mo fẹ́ ta nǹkan fún un. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó sọ fún mi pé orúnkún ń dun ìyàwó òun. Láti ọjọ́ yẹn, bí mo bá ti dé, mo máa ń béèrè orúnkún náà.

Ó wá di oṣù Kejìlá. Níbẹ̀, ní oṣù yẹn, oòrùn kì í yọ rárá. Ọ̀sán gangan á dúdú bí ìdí ìkòkò, wọ́n á tan iná, wọ́n á máa bá iṣẹ́ wọn lọ bíi pé kò sí nǹkan tó ṣe. Ọjọ́rú kan dé, ọ̀la rẹ̀ ni kírénì ń bọ̀ láti gbé ẹ̀rọ ńlá náà lé ilẹ̀. Àwọn olówó ọkọ̀ apẹja ń bọ̀ wá síbi ìpàdé lọ́jọ́ Ọjọ́rú yẹn, kí Sà Ólàfù fi ọkàn wọn balẹ̀. Sà Ólàfù fúnra wọn ti tẹ ilẹ̀ náà wò, wọ́n ní ó ti le.

Mo yà lọ́dọ̀ Pẹ̀ẹ́rì. Mo kí i, mo béèrè orúnkún. Ó ní ó ti sàn. Kò padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Ó ní kí n bẹ̀rẹ̀. Ó ti tẹ́ ọ̀rá kan sórí ilẹ̀ náà láti àná, ó fi téèpù lẹ etí rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó ṣí i. Omi ti sẹ̀ sí abẹ́ rẹ̀, rínrin-rínrin. "Òkè rẹ̀ le," ó ní. "Inú rẹ̀ kò tíì gbẹ. Bí wọ́n bá gbé ẹ̀rọ yẹn lé e lọ́la, á là."

"Pẹ̀ẹ́rì! Kí ló dé tí o kò sọ ọ́ níbi ìpàdé?"

Ó wo ọwọ́ rẹ̀. "Kò sẹ́ni tó bi mí."

Olúwa mi ọba! Èmi ń sọ àbọ̀, òun kò sọ rárá. Mo wo ojú fèrèsé, mo rí Sà Ólàfù tó ń mú àwọn olówó ọkọ̀ wọlé, wọ́n ń gbọn yìnyín kúrò lára aṣọ. Àyè àtipè wọ́n sí kọ̀rọ̀ kò sí mọ́.

Gbólóhùn mẹ́ta

Ẹ bá mi wo ọ̀ràn. Bí ìpàdé ṣe bẹ̀rẹ̀, àgbàlagbà ti sọ níwájú àlejò pé ilẹ̀ dára. Èmi, ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé, ni màá wá sọ níwájú àlejò náà pé kò dára. Àti pé àgbàlagbà yẹn gan-an ló ní bírò tí yóò fi kọ̀wé nípa mi. Mo ní kí n dúró di ẹ̀yìn ìpàdé. Ìṣẹ́jú ogún péré ni. Mo tún rántí ọjọ́ mẹ́rin àti ife tíì tí wọ́n gbé kalẹ̀. Lẹ́yìn ìpàdé, wọ́n á ti fún àwọn ènìyàn wọ̀nyí lọ́rọ̀ wọn. Ẹyin sì lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

"Títí," wọ́n ní, "ibo la dé?"

Íńgà ń wò mí. Kò sí ṣíbí lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ.

Mo ní: "Ilẹ̀ kò tíì gbẹ. Bí a bá gbé ẹ̀rọ lé e lọ́la, yóò là, ẹja kò sì ní ríbi wọ̀ ní oṣù Kìíní. Mo fẹ́ kí a dá kírénì dúró fún ọjọ́ mẹ́wàá, kí a sì tan iná gbígbóná sínú ilé náà tọ̀sán-tòru."

Ẹ̀yin ará ilé, àwọn ènìyàn yẹn mọ̀ ọ́n dákẹ́! Olówó ọkọ̀ kan ń wo òrùlé. Mo ti rí ara mi lẹ́nu géètì Festac pẹ̀lú àpótí, tí Bọ̀dá Wálé ń béèrè pé, "Rédíò, o ti dé kíá?" Mo ní ó ti tán.

Sà Ólàfù wo Pẹ̀ẹ́rì. Pẹ̀ẹ́rì gbé orí sókè, ó mi í lẹ́ẹ̀kan pé bẹ́ẹ̀ ni.

"O ṣeun," Sà Ólàfù sọ fún mi. Wọ́n ṣí ojú ìwé kejì nínú ètò ìpàdé.

Ó tán! Kò sí àrá, kò sí ẹ̀fúùfù. Wọ́n béèrè ẹni tí yóò pe àwọn oníkírénì, Íńgà ní òun ni, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Mo tọrọ àyè, mo wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, mo ti ilẹ̀kùn, mo sunkún ìtura. Ó pẹ́ tí ara ti tù mí bẹ́ẹ̀. Mo ń sunkún, mo ń rẹ́rìn-ín, mo ń sọ fún dígí pé, "O gbọ́? Wọ́n ní o ṣeun!"

Lẹ́yìn ìpàdé, Sà Ólàfù dúró tì mí. "Ọgbọ̀n ọdún ni Pẹ̀ẹ́rì ti ń bá mi ṣiṣẹ́. Báwo lo ṣe rí ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu rẹ̀?"

"Mo máa ń kí i ni, sà. Mo máa ń béèrè orúnkún ìyàwó rẹ̀."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo rí wọn nínú yìnyín níwájú Pẹ̀ẹ́rì, wọn ò mọ ibi tí wọ́n fẹ́ kó ọwọ́ sí. "Orúnkún ńkọ́?" wọ́n ní.

Pẹ̀ẹ́rì wò wọ́n láti òkè délẹ̀. "Orúnkún ta ni?"

Mo sá wọlé kí n tó bú sẹ́rìn-ín. Ilẹ̀ gbẹ ní ọjọ́ kẹsàn-án. Ẹ̀rọ jókòó sórí rẹ̀, kò mì. Ọ̀sẹ̀ tí mo kúrò níbẹ̀ ni ọkọ̀ àkọ́kọ́ kó ẹja dé. Íńgà gba ìgò ata mi lọ́wọ́ mi, kò tilẹ̀ díbọ́n pé òun ń tọrọ rẹ̀.

Ilé

Bí mo ṣe jáde ní pápákọ̀ òfuurufú, ìkíni yà lù mí bí òjò. Ẹni tí mi ò mọ̀ rí ń kí mi kú àbọ̀! Mo ní ẹ túbọ̀ kí mi, ó ti pẹ́.

Lẹ́tà Sà Ólàfù ti ṣáájú mi dé Èkó. Gbólóhùn méjì ló wà níbẹ̀: "Ó máa ń tètè sọ òótọ́. Ẹ fún un ní iṣẹ́ náà." Dádì fi awò sójú, wọ́n kà á, wọ́n yí bébà náà sẹ́yìn wò. "Ṣé kò ní ọ̀rọ̀ míì ni? Kò kí wa?"

Mo ní, "Dádì, ìkíni ni yẹn."

Ní Ọjọ́ Ajé tó kọjá, mo ṣe ìpàdé mi àkọ́kọ́ ní Amúwo-Ọ̀dọ̀fin, lábẹ́ tápólì, nítorí a kò tíì ní òrùlé. Bọ̀dá Jídé ni olórí àwọn òṣìṣẹ́, wọ́n jù mí lọ dáadáa, Kuje tó wà lẹ́bàá Amúwo níbí ni wọ́n ń gbé. Mo béèrè Màmá wọn tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ ojú fún, wọ́n ní Màmá ti ń ríran. A dúpẹ́. Mo wá bi wọ́n: "Bọ̀dá Jídé, ibo la dé?"

"Ọlọ́run ń ṣe é, mà," wọ́n ní. Wọ́n fa ohùn. Wọ́n wo ilẹ̀. "Kò séwu rárá. A ti ń sún mọ́ ọn."

Èdè ìyá mi ni!

Mo ní, "Bọ̀dá mi, àbọ̀ ọ̀rọ̀ yín ti di odidi nínú èmi. Nǹkan ti ṣe. Ṣùgbọ́n àwọn tó jókòó yìí ò tíì mọ̀, àwọn la sì jọ máa tún un ṣe. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́ síta. Mo ti fọ́ ilẹ̀ odindi ilé rí nítorí pé mi ò sọ̀rọ̀."

Wọ́n wo ẹsẹ̀ wọn. Wọ́n bọ́ fìlà. "Ìpìlẹ̀ tó wà lẹ́yìn yẹn, mà, a ti gbẹ́ ẹ gba ibi tí kò yẹ. Ọ̀la ni sìmẹ́ńtì rẹ̀ ń bọ̀."

Gbogbo wọn ń wò mí, wọ́n ń retí àrá. Mo mọ̀ pé Rédíò ti wà lọ́nà ọ̀fun mi: ta ló wọ̀n ọ́n, ojú ta ló fọ́, ṣé ẹ fẹ́ pa mí ni! Mo gbé e mì.

"Ẹ ṣeun, Bọ̀dá Jídé," mo ní. "A ò ní da sìmẹ́ńtì lọ́la." Mo ṣí ojú ìwé kejì.

Kí n tó ka ohun tó wà níbẹ̀, ọkùnrin tó ń ṣe iná na ọwọ́ sókè láti ẹ̀yìn, díẹ̀díẹ̀.

"Mà," ó ní, "èmi náà ní nǹkan tí mo fẹ́ sọ."